Ṣíṣọdẹ Ọ̀bẹ Kíká Tó Ṣọ̀wọ́n: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ló dùn nínú kí ènìyàn máa wá ògbólógbòó ọ̀bẹ kiri?

Wíwá náà gan-an ni adùn rẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ ọ̀bẹ tó mú lè wọ ṣọ́ọ̀bù, kó sì jáde pẹ̀lú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀bẹ kíká tó ṣọ̀wọ́n kì í jókòó de ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó lè wà nísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ogójì ọdún, láàárín ìṣó tó ti dípẹtà àti kọ́kọ́rọ́ tí a kò mọ àgádágodo rẹ̀ mọ́, kí ẹni tó ń tà á má sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń mú orí wú ni ìṣẹ́jú kan yẹn tí ẹ bá yí irin sójú ìmọ́lẹ̀, tí ẹ rí òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀, tí ẹ sì ti mọ ọdún tí wọ́n ṣe é kí ẹ tó ya ẹnu béèrè iye owó.

Kí lẹ̀ ń pe apá kọ̀ọ̀kan, ká lè jọ máa sọ ohun kan náà?

Irin ni apá tó ń gé nǹkan. Ìdí irin ni ibi tó nípọn, tí kò mú, tó wọ inú èèkù. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń wà. Èèkù ni ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Egungun, ìwo àgbọ̀nrín, igi tàbí ike ni wọ́n sábà fi ń bò ó. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ni irin gígùn tó wà lẹ́yìn èèkù, tó ń mú kí ọ̀bẹ dúró ní ṣíṣí tàbí ní pípadé. Asà ni àmì onírin kékeré tí wọ́n rì mọ́ ara èèkù. Ojú èékánná ni kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí èékánná ń kọ́ láti ṣí irin.

Ṣé bí ọ̀bẹ bá ti pẹ́, ó ti di ọ̀wọ́n nìyẹn?

Rárá o. Ọ̀bẹ ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti pọ́n títí irin rẹ̀ fi tín-ín-rín kò ní olùfẹ́ púpọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí wọn kò ṣe ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀, lè mú kí àwọn ènìyàn máa dù ú. Iye tí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì, iye tó ṣẹ́kù láìbàjẹ́ ṣe pàtàkì jù ú lọ, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni iye ẹni tó ń wá a. Ọ̀bẹ tó kù ẹyọ kan láyé, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀, ọ̀bẹ lásán ni.

Ẹ wo Opinel. Ní Savoie, ní ilẹ̀ Faransé, ni Joseph Opinel ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1890, ó sì to ìwọ̀n wọn láti nọ́ńbà 1 dé 12 ní 1897. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, wọ́n dá nọ́ńbà 1 àti nọ́ńbà 11 dúró. Ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú onígi ni wọ́n, kò sí wúrà kankan lára wọn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo nọ́ńbà pé kò lè fo méjì yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá wọn lójú méjèèjì.

Ibo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ọ̀nà tóóró kan: ilé-iṣẹ́ kan, tàbí àwòṣe kan, tàbí sáà kan. Ẹni tó ń ra gbogbo ohun tó bá ti dán kì í mọ ọ̀kankan dunjú, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n dunjú ni àwọn oníjìbìtì ń retí. Àpẹẹrẹ ọ̀nà tóóró tó dára ni ọ̀bẹ sọ́jà ilẹ̀ Switzerland tí wọ́n ń pè ní àwòṣe 1961. Wọ́n ṣe é títí di 2008, wọ́n sì máa ń tẹ nọ́ńbà méjì ìgbẹ̀yìn ọdún sí ìdí irin, tó fi jẹ́ pé ẹ lè máa wá ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ́n. Ẹni tó bá ń wá ọdún ìbí tirẹ̀ nìkan pàápàá yóò ti kọ́ bí a ṣe ń wo òǹtẹ̀.

Kí ẹ tó náwó gidi, ẹ fọwọ́ kan ọ̀bẹ tó dára tó àádọ́ta ó kéré tán níbi àwọn ìpàtẹ ọ̀bẹ. Ọwọ́ ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ju ojú lọ.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀bẹ kan?

Ìdí irin lẹ ó kọ́kọ́ wò, pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Case, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Bradford, Pennsylvania, ni wọ́n sábà fi ń kọ́ni, nítorí òǹtẹ̀ rẹ̀ dà bí kàlẹ́ńdà. «CASE XX» nìkan túmọ̀ sí 1940 sí 1964. «CASE XX U.S.A.» láìsí àmì tó-tò-tó kankan, 1965 sí 1969. Ní 1970 wọ́n fi tó-tò-tó mẹ́wàá sí i, wọ́n sì ń yọ ọ̀kan kúrò lọ́dọọdún: mẹ́sàn-án ní 1971, ẹyọ kan ṣoṣo ní 1979. Ní 1980 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́wàá, ṣùgbọ́n lẹ́tà S wá rí wọ́gọwọ̀gọ bíi mànàmáná. Ẹni tó ka tó-tò-tó mẹ́fà láì wo S náà yóò fi ọdún mẹ́wàá ṣì í: 1974 ni ti S lásán, 1984 ni ti S onímànàmáná.

Nọ́ńbà àwòṣe Case náà ń sọ̀rọ̀. Nínú 6254, 6 ni egungun, 2 ni iye irin tó wà nínú rẹ̀, 54 sì ni àwòṣe tí wọ́n ń pè ní Trapper. 3 níwájú ni ike aláwọ̀ ìyeyè. Bí irin bá wí pé 6254, tí èèkù sì yeyè, ẹnìkan ti pa èèkù tàbí irin rẹ̀ dà.

Ti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn:

- Remington ṣe ọ̀bẹ tirẹ̀ láàárín 1920 sí 1940. Èyí tí wọ́n ń lé jù ni àwọn tí asà wọn rí bí ọta ìbọn, àgàgà R1123. Ní 1982 wọ́n tún R1123 ṣe gẹ́gẹ́ bí ìrántí. Àtúnṣe yẹn kì í ṣe ayédèrú, àwọn kan tilẹ̀ ń kó o jọ, àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ti àkọ́kọ́.
- Schrade ti Amẹ́ríkà kógbá sílé ní 2004. Orúkọ náà wà lọ́jà títí di òní, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn. Lára Old Timer, ọ̀wọ́ ọ̀bẹ Schrade kan, ẹ wá «U.S.A.» lórí irin.
- Great Eastern Cutlery, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Titusville, Pennsylvania, ní 2006, máa ń kọ nọ́ńbà mẹ́fà: méjì àkọ́kọ́ ni àwòṣe, ẹ̀kẹrin ni iye irin, méjì ìgbẹ̀yìn ni ọdún.
- Buck bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ọdún sí ìdí irin ní 1986. Bí kò bá sí àmì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 110, tó jẹ́ nọ́ńbà àwòṣe Buck kan, ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú ìgbà náà.

Fún ọ̀bẹ tí ẹ kò mọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ rárá, ẹ wo bóyá orúkọ ilẹ̀ kan wà lára rẹ̀. Láti 1891 ni òfin owó-orí ọjà Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí ọjà tó bá ń wọlé ní orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Ọ̀bẹ Sheffield tàbí Solingen tó ní «England» tàbí «Germany» sábà jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà yẹn. Pé kò sí i kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ o: èyí tí wọ́n tà nílé kò nílò rẹ̀.

Opinel tún ní pàkúté tirẹ̀. Òrùka irin tó ń há irin mọ́ dé ní 1955, nítorí náà àwọn kan máa ń pe èyí tí kò ní òrùka ní «ti ṣáájú 1955». Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà 2 sí 5 kì í ní òrùka, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n ṣe é.

Ibo ni mo ti lè rí wọn?

Níbi títa ẹrù olóògbé, níbi gbànjo, lọ́jà ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ti ń ta ògbólógbòó ẹrù, ní ṣọ́ọ̀bù onírinṣẹ́ tó ti pẹ́ tí àpótí gíláàsì rẹ̀ ṣì wà. Ní ọjà ìta, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni kí ẹ débẹ̀, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tó bá di aago mẹ́sàn-án, àwọn oníṣòwò ti kọjá. Ẹ má béèrè ọ̀bẹ nìkan. Ẹ béèrè àpótí ìpẹja àti àpótí irinṣẹ́.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí ẹlòmíràn kò wò ni kí ẹ wò. Àwọn tó ń tajà máa ń ṣi orúkọ kọ: «Remmington», «Opinal», «Victornox». Ẹni tó tẹ orúkọ bó ṣe tọ́ kò ní rí ọjà wọ̀nyẹn. Ẹ tún wo àwòrán òkìtì ọ̀bẹ tí wọ́n ń tà pọ̀. Ẹ sọ àwòrán náà di ńlá, kí ẹ máa wò ó láti igun dé igun. Ní àárín ike àti irin dúdú, ẹ lè rí ìdajì asà kan tó yọ orí ṣóńṣó bí ọta ìbọn lábẹ́ ọ̀bẹ mìíràn, ẹni tó ya àwòrán náà kò sì mẹ́nu kàn án rárá. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ la fi ń pàdánù oorun.

Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ mi, olùtajà ń wò mí. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ bá a tẹ̀lé e báyìí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

1. Ẹ má tíì ṣí i. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wò láàárín sípíríǹgì àti ara èèkù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kọjá, ọ̀bẹ ti sán tàbí wọ́n ti tú u rí.
2. Ẹ wo ṣóńṣó irin. Ó yẹ kó fara pa mọ́ sínú èèkù pátápátá. Bó bá yọrí, ó ṣeé ṣe kí irin náà má jẹ́ tirẹ̀.
3. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fetí sí i. Sípíríǹgì tó yè kooro máa ń dún «kaà!» nígbà tó bá ṣí tán àti nígbà tó bá padé. Ẹ fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀: sípíríǹgì àti ara èèkù gbọ́dọ̀ tẹ́jú bákan náà.
4. Ẹ di irin mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, lẹ́yìn náà sókè sílẹ̀. Mímì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣeé fara dà nínú ọ̀bẹ àgbà. Ti òkè sí ilẹ̀ burú jù, nítorí ìdí irin tàbí sípíríǹgì ló ti jẹ.
5. Ẹ wọn irin, kí ẹ sì wo ibi tí ojú èékánná wà. Bí ó bá sún mọ́ ṣóńṣó ju bó ṣe yẹ lọ, ṣóńṣó ti ṣẹ́ rí, wọ́n wá tún un yọ.
6. Ẹ wo ìṣó tó wà nínú irin etí èèkù. Nínú ọ̀bẹ àtijọ́ tó dára, wọ́n ti lù ú, wọ́n ti yọ ọ́ débi pé ojú kò rí i mọ́. Bí ẹ bá rí òbíríkítí tó hàn ketekete, tàbí ojú òòlù, wọ́n ti tú u.
7. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn kíkan tàbí ti kánfọ̀ lára èèkù aláràbarà jẹ́ ti sẹ́lúlọ́ìdì tó ń jẹrà. A ó padà síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ irú èyí tí irin pẹlẹbẹ inú èèkù ń sún wá há ìdí irin mọ́, ẹ wo ibi tó dúró sí. Bó bá gbá ìdá mẹ́ta ìdí irin sí ìdajì, ó dára. Bó bá ti sún dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti jẹ tán. Ẹ má ṣe gbá ẹ̀yìn irin mọ́ tábìlì láti dán an wò. Ìka lè ba ibẹ̀ lọ, ìdí irin náà sì lè bàjẹ́.

Báwo ni àwọn oníjìbìtì ṣe ń ṣe é?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pọ̀, àmọ́ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù.

Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n yọ òǹtẹ̀ olówó kékeré kúrò, kí wọ́n tẹ ti olówó ńlá síbẹ̀. Ẹ kò lè yọ òǹtẹ̀ láì yọ irin. Ẹ gbé ìdí irin sí ìpele ojú, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: bó bá lọ sílẹ̀ bí àwo, tàbí tó tín-ín-rín ju irin tó tẹ̀lé e lọ, ọwọ́ ti kàn án. Òǹtẹ̀ tí wọ́n fi irin lù máa ń jinlẹ̀, ó sì máa ń ní etí. Èyí tí wọ́n fi ásíìdì jẹ máa ń tẹ́jú, etí rẹ̀ a sì rí gbágungbàgun lábẹ́ awò. Ẹ fi òǹtẹ̀ wé ara irin yòókù. Irin tí ìpẹtà ti jẹ ní kòtò-kòtò kò lè ní òǹtẹ̀ tó mọ́ kedere bí ẹyọ owó tuntun.

Ìkejì ni kí wọ́n kó ẹ̀yà ọ̀bẹ méjì pọ̀: irin ti èyí, èèkù ti ìyẹn. Àwọ̀ ni yóò tú u fó. Bí irin kan bá ti dúdú tí èkejì sì ń tàn, tàbí tí egungun ọ̀tún àti ti òsì kò jọ ara wọn, ẹ béèrè ìdí. Nígbà mìíràn ilé-iṣẹ́ kan á kógbá sílé, wọn á ta ẹ̀yà tó ṣẹ́kù, àwọn mìíràn á sì tò wọ́n pọ̀. Gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyẹn jẹ́ ojúlówó, ọ̀bẹ tó tibẹ̀ jáde kò jẹ́ ojúlówó, ibẹ̀ ló ti máa ń le jù.

Ìkẹta ni sísọ tuntun di àgbà. Ìpẹtà tòótọ́ máa ń pọ̀ níbi tí omi ń pamọ́ sí, lẹ́bàá sípíríǹgì àti lábẹ́ ìdí irin, á sì dínkù níbi tí ọwọ́ ń nù lójoojúmọ́. Ti ásíìdì a tàn kálẹ̀ bákan náà. Ìdọ̀tí tòótọ́ le, ó sì gbẹ. Bí ẹ bá fi igi tín-ín-rín họ ọ́ tó wá rọ̀ bí ìda dúdú, páálíìṣì bàtà ni. Ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù ìgbàlódé sì máa ń tàn bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì onímọ̀lẹ̀ àwọ̀ àlùkò (UV) wò ó nínú òkùnkùn.

Ọ̀bẹ ìgbàlódé ńkọ́?

Ìṣọdẹ mìíràn ni. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ yá ju ìmọ̀ lọ. Spyderco, tí wọ́n mú ọ̀bẹ Worker tó ní ihò róbótó jáde ní 1981, máa ń ṣe ìpín kékeré nínú irin tàbí àwọ̀ tí wọn kò ní tún ṣe mọ́. Wákàtí díẹ̀ lè tán an. Sebenza ti Chris Reeve, tó gba orúkọ rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ Súlú tó túmọ̀ sí iṣẹ́, máa ń wá pẹ̀lú káàdì ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ tọ́jú káàdì náà, nítorí àìsí rẹ̀ ń dín iye owó kù. Ẹ má sì gbára lé e nìkan: wọ́n ń ṣe ayédèrú ọ̀bẹ yìí, wọ́n ń ṣe ayédèrú káàdì náà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Ẹ wo orí àwọn síkúrúù. Bí etí ihò wọn bá ti jẹ, ẹni tí kò ní irinṣẹ́ tó tọ́ ti tú u.

Wọ́n kọ «mint» sí i. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí gan-an?

Nínú ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ àwọn olùkó-ọ̀bẹ-jọ ní Amẹ́ríkà ń lò, mint ni ọ̀bẹ tó rí bó ṣe kúrò ní ilé-iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò fi sápò rí, tí wọn kò pọ́n. Near mint ti rìn díẹ̀. Excellent, irin rẹ̀ ti jẹ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, very good, nǹkan bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, fair, ìdajì. Poor, ẹ̀yà rẹ̀ nìkan ló wúlò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe excellent ní mint, nítorí náà àwòrán ni kí ẹ gbà gbọ́.

Àwòrán wo ni kí n béèrè bí n kò bá lè fọwọ́ kàn án?

Ìdí irin kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn. Ọ̀bẹ ní pípadé, ní ìdajì, ní ṣíṣí. Sípíríǹgì láti òkè. Irin pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá, torí ìmọ́lẹ̀ láti iwájú máa ń bo ìlà páálíìṣì àti sísán egungun mọ́lẹ̀. Olùtajà tó bá ní òun kò lè ya àwòrán ìdí irin ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ṣé kí n fọ̀ ọ́, kí n sì pọ́n ọn?

Ẹ má pọ́n ọn. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ ìdán kàn án rárá: ìṣẹ́jú kan ló fi ń nu etí òǹtẹ̀ nù, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Àwọ̀ eérú tàbí búlúù dúdú tó wà lára irin kì í ṣe àrùn. Ó ń dáàbò bò ó ni. Pupa ló ń jẹ irin. Ẹ kán òróró máṣíìnì sí i, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi igi tàbí etí ẹyọ owó bàbà họ pupa náà jẹ́jẹ́. Ẹ fi igi ìtayín kó ìdọ̀tí inú oríkèé rẹ̀, ẹ kán òróró kan síbẹ̀, kí ẹ ṣí i, kí ẹ pa á dé nígbà mẹ́wàá, kí ẹ sì nu èyí tó bá tú jáde.

Báwo ni mo ṣe ń tọ́jú wọn?

Ẹ nu ọ̀rinrin ọwọ́ kúrò, kí ẹ fi ìda tàbí òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa irin, kí ẹ tò wọ́n sínú àpótí gbígbẹ pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi. Ẹ má gbẹ ibẹ̀ jù: egungun àti ìwo ń sán. Nǹkan bí 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ dára. Ẹ má fi ọ̀bẹ sínú àpò awọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Oje tí wọ́n fi pa awọ náà ń sọ idẹ di àwọ̀ ewé. Ẹ má fi rọ́bà dè é.

Ẹ wá gbọ́ ti sẹ́lúlọ́ìdì, ike àtijọ́ aláwọ̀ mèremère. Bó bá ń jẹrà, ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde tó ń jẹ irin. Àmì rẹ̀ ni pé ara èèkù á máa làágùn, á sán wẹ́wẹ́, irin tó sún mọ́ ọn á sì kọ́kọ́ dípẹtà. Àwọn ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà á bá a lọ. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rí i, síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, jìnnà sí iná, nítorí ó máa ń gbiná kíákíá. Kò sí ìwòsàn.

Òfin ńkọ́?

Ti ilẹ̀ tí ọ̀bẹ ti ń bọ̀, ti ilẹ̀ tó ń lọ, àti ti ilé-iṣẹ́ tó ń gbé e ni kí ẹ wò. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1958 dí òwò ọ̀bẹ tó ń fò ṣí fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀bẹ kíká tí kò ní ìhámọ́, tí ẹnu rẹ̀ kò ju íńṣì mẹ́ta lọ, ni ènìyàn lè mú rìn láìsí àlàyé. Èèkù eyín erin ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: ìlànà Amẹ́ríkà le sí i ní 2016, òfin ti Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Nínú ọkọ̀ òfurufú, ẹ má fi ọ̀bẹ kankan sínú ẹrù ọwọ́.

Ṣé èrè wà níbẹ̀?

Ó wà fún àwọn díẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wọlé torí èrè nìkan sábà máa ń ra èyí tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀, nígbà tí owó rẹ̀ ti gòkè tán.

Mo ti ra ayédèrú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ̀wé sí olùtajà lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ìdí irin, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án síwájú sí i. Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tàbí tú u, ó lè kọ̀ láti gbà á padà. Bí kò bá dáhùn, ẹ lọ sọ́dọ̀ ibi tí ẹ gbà san owó kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Bí owó kò bá ṣeé gbà, ẹ má tà á bí ojúlówó. Ẹ fi irin họ «X» kékeré sí inú ara èèkù níbi tí yóò ti hàn bí ọ̀bẹ bá ṣí, kí ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ ojúlówó irú rẹ̀, kí ẹ sì máa fi awò wo ìdí irin méjèèjì títí ojú yín yóò fi mọ ìyàtọ̀ láì wo «X» náà.